Bí Mo Ṣe Wọ Inú Géèmù Lọ Mú Ọba Wa Bọ̀

Ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ rọra máa jẹ ẹ́, kí ariwo èèpo má bo ọ̀rọ̀ mi mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí fóònù yín ń dún, ẹ tì í bọ àpò, nítorí òun gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì dára kí a máa ròyìn ẹni lójú ara rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tí ó gbàgbé ọ̀nà odò, ọdẹ tí àmọ̀tẹ́kùn ń sáré kí kí òun tó kí i. Kò sí igbó tí mi ò tíì tẹ̀ láàárín Òkè-Àfọ̀n wa yìí àti ibi tí ojú ọ̀run ti fi ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀. Mo ti gba ẹní lọ́wọ́ egbére rí, mo sì dá a padà fún un lọ́jọ́ kejì nítorí pé ìdun kún inú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi egbére. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo ti wọ̀, èyí tí mo wọ̀ kẹ́yìn yìí ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀, kò sí ẹ̀gún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọba wa wàjà. Àwọn afọbajẹ jókòó, wọ́n rò ó títí, wọ́n sì mú Adégoróyè, ọmọ ìdílé tí oyè kàn. Ṣùgbọ́n ní ìlú wa, òjò àkọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ bá ìtẹ́ ní òfìfo. Bí ó bá bá a bẹ́ẹ̀, oyè fò kúrò ní ìdílé yẹn, ó bà lé ìdílé kejì. Ta ló sì wà ní ìdílé kejì? Olóyè Okùnlọlá ni! Ọkùnrin tí kò tíì jọba tí ó ti fi gbogbo igbó wa ṣèlérí fún àwọn onígẹdú. Wọ́n ti gbé ayùn wọn dé ẹnu ibodè, wọ́n ń pọ́n ọn, èmi sì ń gbọ́ ọ láti orí ẹní mi bí ẹni pé eyín mi ni wọ́n ń pọ́n.

Adégoróyè kò ṣàìsàn, kò sì sá lọ sókè òkun. Ó wà nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀, ó gbé awò dúdú kan bojú, awò tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá afẹ́fẹ́. Nígbà tí àwọn afọbajẹ gbé ewé akòko dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣí ojú wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun, ẹ dárí jì mí. Mo ti jọba níbòmíràn."

Ẹnu ya àwọn àgbà. Adérónmú, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá wa tún fóònù ṣe lójúde ọjà, ló là wá lóye. Ó ní, "Géèmù ni, ẹ̀yin bàbá. Ayé Kejì ni wọ́n ń pè é. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan wà ní Ṣáínà, ẹnì kan wà ní Ìlọrin, wọ́n á pàdé nínú ìlú kan náà, oníkálukú á sì di ẹni tó bá wù ú. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti jọba. Àwọn tó ń sìn ín níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ará Òkè-Àfọ̀n lọ."

Ọ̀tún, olórí àwọn afọbajẹ, bi í léèrè pé, "Bí a bá já awò yẹn gbà lójú rẹ̀ ńkọ́?"

"A ti já a gbà, bàbá. Ó ní òmíràn."

"Bí a bá dì í tapá tẹsẹ̀?"

"Ṣé ẹni tí a dì tapá tẹsẹ̀ lẹ fẹ́ gbé adé lé lórí?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí ojú sí mi. Mo mọ ojú yẹn. Bí ìlú bá ti wo ọdẹ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọdẹ ti máa wá ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti yára jù mí lọ. Mo ní, "Igbó wo ló wà tí ọmọ Ọdẹ́tọ́lá ò lè wọ̀?" Ẹnu ọdẹ ló ń rán ọdẹ lọ sígbó!

Bí wọ́n ṣe mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adégoróyè nìyẹn. Adérónmú fi irú awò dúdú náà bò mí lójú, ilẹ̀ sì là lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo já bọ́, mo já bọ́, títí mo fi bá ara mi níwájú ẹnubodè kan. Orí ènìyàn kan ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Orí nìkan ni o. Kò ní ọrùn, kò ní àyà, ó kàn ń léfòó bí igbá lórí omi.

Ó ní, "Ta lo fẹ́ jẹ́?"

Mo ní, "Ìwọ tí o kò ní ikùn, ṣé ikùn ni wọ́n fi ń mọ àgbà ni? Ẹ̀yin ni kí o máa pè mí."

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ta lẹ fẹ́ jẹ́?"

"Ọdẹ́rìnlọ ọmọ Ọdẹ́tọ́lá."

Orí náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń yí. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ibí, ẹlòmíràn ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ jẹ́. Ọ̀lẹ ń di akọni, arúgbó ń di ọmọge, ẹni tí aya rẹ̀ ń nà nílé ń di kìnnìún. Ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ́ ara yín. Kò sí àyè irú rẹ̀ níbí, bàbá. Ẹ mú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí."

Ó ṣí aṣọ ìkélé, mo sì rí oríṣiríṣi ara tí wọ́n fi kọ́ bí aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo rí ti òmìrán, mo rí ti arẹwà, mo rí ti akíkanjú kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ààfin. Ti akíkanjú yìí ni mo na ọwọ́ sí. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀. Kì í ṣe ogbó o, afẹ́fẹ́ ni! Ìka mi kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Orí ní, "Ó ti tán. Ẹ wọlé."

Mo wo ara mi. Mo kúrú, mo sanra rọ̀bọ̀tọ̀, mo sì ní etí méjì gígùn tó ń mì lókè orí mi. Ehoro! Èmi tí mo ti jẹ ehoro débi pé orúkọ mi ni àwọn ìyá ehoro fi ń dẹ́rù ba ọmọ tí kò fẹ́ sùn! Mo fi ìbínú fò sókè kí n lè gbá Orí yẹn létí. Nígbà tí mo balẹ̀, mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: orúnkún mi ò dùn mí. Mo tún fò kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo tún fò nítorí pé ó dùn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ẹ máa dá mi lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá orúnkún yín padà fún yín, ẹ̀yin náà á fò.

Igbó Àìkú ni mo kọ́kọ́ dé. Ìmàdò kan jáde sí mi níbẹ̀, eyín ẹnu rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú omi, èéfín sì ń jáde nímú rẹ̀. Ó kọlù mí, mo yẹ̀. Ó tún kọlù mí, mo gun orí igi, igi náà sì kí mi káàbọ̀. Mo yìnbọn. Ìbọn mi kì í tàsé, kódà nínú ọwọ́ ehoro. Ìmàdò ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo ti ń pín ẹran nínú ọkàn mi, àyà fún Ọ̀tún, ìbàdí fún ìyàwó mi, ni ẹran bá wúkọ́. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò lára, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ìwọ tí mo pa?"

"Ẹ pa mí dáadáa, mi ò ní ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn yín."

Mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn jagunjagun tò lọ salalu bí ẹni tó fẹ́ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, oníkálukú mú idà lọ́wọ́, wọ́n ń retí àtipa ìmàdò yìí! Itan ẹran ńlá kan wà nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, bẹ́ẹ̀ itan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní èrè iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo sun ún, mo bù ú jẹ. Ẹ̀yin ará mi, kò ta, kò dùn, kò gbóná, kò tutù. Kì í ṣe itan ẹran ni mo jẹ, ìtàn ẹran ni.

Ìmàdò ní mi ò lè kọjá àfi bí mo bá já àlọ́ òun. Ó ní, "Kí ni ohun tí ọmọdé ń jẹ, tí àgbà ń jẹ, tí kì í tán, tí kì í sì í yó ẹnikẹ́ni?"

Mo ní, "Oyè."

"Oyè kì í kárí, bàbá. Ta ló ń fi ọmọdé joyè?"

Mo ro ó. Mo wo àwọn tó tò lọ lẹ́yìn mi tí ara ti ń kán wọn, mo wo bí ojú wọn ṣe ń tàn, mo sì rántí pé òru àti ọ̀sán ni àwọn kan fi wà níbẹ̀. Mo ní, "Ayé ni. Gbogbo wa là ń jẹ ayé, kò sì yó ẹnì kankan rí."

Ìmàdò kẹ́dùn. "Àkọ́kọ́ ò yó wọn ni wọ́n ṣe wá ń jẹ èkejì. Ẹ máa lọ. Ẹ sì ṣeun tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń pa mí ni, wọn kì í kí mi."

Mo dé ẹsẹ̀ afárá kan. Obìnrin ogun kan dúró lórí rẹ̀, irin ló bo èjìká rẹ̀, ọ̀kọ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀pẹ, àpá ogun sì wà lójú rẹ̀ bí ilà. Arógunyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ó sọ pé, "Mi ò tó yín." Èmi kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara mi. Mo ki ara mi dé ibi tí àmọ̀tẹ́kùn ti ń kí mi, obìnrin náà gbá mi létí méjèèjì mú, ó sì jù mí sódò. Mo gun òkè wá, mo bẹ̀rẹ̀ oríkì mi láti ibi tó dúró sí, ó tún jù mí sódò. Nígbà tí mo tún gòkè tí mo tún la ẹnu, ó sinmi lé ọ̀kọ̀ rẹ̀, ó sì pòṣé.

Háà! Òṣé yẹn! Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀, ó yípo lẹ́nu, ó sì gba imú jáde. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń pòṣé bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọ̀run. Mo pariwo pé, "Ìyá Fọlárìn!"

Ọ̀kọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Fọlárìn? Ẹ̀yin lẹ wà nínú ehoro yìí?"

"Ìwọ lo wà nínú ẹkùn obìnrin yìí? Ṣebí ìwàásù lo sọ pé o ń gbọ́ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́?"

"Ṣebí ọdẹ lẹ̀yin náà sọ pé ẹ ń ṣe lọ́jọ́ tí mo bá yín lábẹ́ igi ọsàn tí ẹ ń hanrun?"

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín! Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣe ẹ̀rín. Mo bi í léèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀. Ó wo omi tó ń ṣàn lábẹ́ wa, ó ní, "Àwọn ọmọ ti lọ sí ìlú ńlá. Ẹ̀yin ń wọ igbó lọ. Ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀ nílé, àbí ìkòkò? Níbí, obìnrin kan wà ní Jàmáíkà tó jẹ́ pé bí mo bá ti dé, á kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe sùn."

Etí mi gígùn méjèèjì ṣubú bò mí lójú. Mo ní, "Báwo lo ṣe sùn?" Ó ní, "Ẹ máa bọ̀, bàbá ehoro. Mo mọ ọ̀nà ààfin." Ó gbé mi lé èjìká, a sì jọ lọ.

Ìlú kan wà lójú ọ̀nà wa tí wọ́n ń pè ní Ọ̀túnla. Wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Òrùlé ilé mìíràn ti wà lókè, ògiri kò tíì dé abẹ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló ń gbá ẹnubodè ìlú náà, òun ló sì mú wa rìn yíká. A rí àwọn agbẹ̀bí tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lára aboyún tí kì í ṣe ènìyàn, bí wọ́n bá ṣì í ṣe, ọmọ á yọ orí jáde, á ní, "Ẹ tún un ṣe, ẹ ò ì mọ̀ ọ́n." Ìyàwó mi ní ìyẹn dára, pé ó sàn kí wọ́n ṣì í ṣe níbẹ̀ ju kí wọ́n ṣì í ṣe lára ọmọ ẹni. A rí ìyàwó àti ọkọ tí wọ́n ń ṣègbéyàwó tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Ọkọ wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ìyàwó wà níbi tí wọ́n ti ń gbin kòkó, àwọn àna sì ń jà nípa ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì wò.

Ṣùgbọ́n nínú ilé kan, a rí ọkùnrin kan tó ti jókòó títí tí ìdí rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ àga. Ohùn ọmọdé kan ń pè é láti ìta pé, "Bàbá, ẹ wá jẹun." Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ohùn náà tún pè, ó ti di ti ọ̀dọ́mọkùnrin: "Bàbá, ẹ wá jẹun." Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ìgbà tó tún pè, ohùn ọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pè mọ́. Ọkùnrin náà ò mọ̀.

Mo bi ìyá tó ń gbálẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ sọ fún wa, ṣé ìlú yìí yóò dára ni àbí kò ní dára?"

Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n pa á sí méjì fún yín bí obì? Mi ò kọ́ ìlú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti òní lẹ ń kọ́ ọ. Ohun tí ẹ bá kó wá ni èmi ń gbá." Ó sì ń gbálẹ̀ lọ.

A dé ìlú Adégoróyè. Ó ń dán bí awo tanganran. Àwọn tó kún ààfin rẹ̀ kò lóǹkà: àwọn tó ní orí ẹyẹ wà níbẹ̀, àwọn tó ní ìwo wà níbẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ jẹ́ kìkì iná tó wọ bàtà. Wọ́n ń ṣẹjọ́ lọ́wọ́. Jagunjagun méjì ń du idà kan. Èkínní ní òun lòun kọ́kọ́ gún ejò tó ni ín, èkejì ní òun lòun gé e lórí. Adégoróyè wo ẹ̀yìn wọn, ó ní, "Ta ló ń di egbò yín nígbà tí ẹ ń jà?" Obìnrin kékeré kan tó fara ti ògiri na ọwọ́ sókè. Ọba ní, "Ìwọ lo ni idà."

Obìnrin náà ní, "Kábíyèsí, kí ni mo fẹ́ fi idà ṣe? Mi ò mọ ogun jà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọ. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n á ti máa wá yá a, wọn ò sì ní gbàgbé orúkọ rẹ mọ́."

Mo ti bá ọba gbé ní Òkè-Àfọ̀n láti kékeré mi, mi ò rí èyí tó dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Kábíyèsí, èmi Ọdẹ́rìnlọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí adé rẹ̀ fi ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá ọdẹ! Kí ló fa etí yín gùn báyìí?"

"Ẹ̀bẹ̀ ìlú ló wúwo létí mi, ló bá fà á gùn. Ẹ bọ̀ wálé, kábíyèsí. Òjò ti ń ṣú."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí. Nílé, bí mo bá la ẹnu nínú ìpàdé ẹbí, wọ́n á ní kí n lọ bu omi wá fún àwọn àgbà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bàbá. Níbí, mo bá la ẹnu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á dákẹ́. Wọn ò mọ bàbá mi, wọn ò mọ ìdílé mi. Iṣẹ́ mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi fi mí jọba. Kí ni mo fẹ́ wá ṣe nílé?"

Òótọ́ ni. Èmi náà wà nínú àwọn tó ń rán an lómi. Ìyàwó mi fa etí mi, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ẹ máa dá a dúró. Mo ti bí ọmọkùnrin rí, mo mọ ohun tó ń ṣe eléyìí. Kò tíì jẹun." Bí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó pòórá.

Mo dá ọba dúró. Mo pe é níjà ìjàkadì, ó fi mí nu ilẹ̀ ààfin. Mo ní kí a sáré, ó dé ibi tí à ń lọ, ó sùn, ó jí, mi ò tíì débẹ̀. Mo ní kí a ta ayò, ó jẹ mí kanlẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn egbére onídun fún un, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ó ti dùn ni àrá sán. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó parí! Òjò ti bẹ̀rẹ̀!" Ó tún sán. Àwọn ọmọ ogun gbé asà sókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀run ló ń sán, ikùn kábíyèsí ni!

Adégoróyè gbé imú sókè. "Òórùn kí nìyí?"

Àwọn ará ààfin ń wo ara wọn. Nínú Ayé Kejì, òdòdó ò ní òórùn, òkú ò ní òórùn. Wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi tí ara mi jókòó ti ara rẹ̀ nínú yàrá, mo ti gbọ́ ọ. Àlùbọ́sà ni. Ata ni. Epo pupa tó ti gbóná dáadáa ni. Ìyá Fọlárìn ti gbé àdògán sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀, Adérónmú sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ òórùn rẹ̀ wọlé!

"Ọ̀jọ̀jọ̀," ni ọba wí, bí ẹni ń pe orúkọ olólùfẹ́ tó ti rìnrìn-àjò. "Ewùrà tuntun ni." Ó dìde lórí ìtẹ́. Wọ́n ní, "Kábíyèsí, níbo?" Kò dá wọn lóhùn.

A bọ́ sínú yàrá gbì. Orúnkún mi kí mi káàbọ̀ kíá. Adégoróyè ti bu ọ̀jọ̀jọ̀ sẹ́nu láìdúró kí ó tutù, ó jó o láhọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì tún ń bu òmíràn. Lẹ́yìn èyí tó jẹ kẹ́yìn, ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún epo. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ó dùn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan ò lè mú mi jọba, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ọmọ mi, mo pa ìmàdò kan lọ́hùn-ún. Ó dìde, ó kí mi. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn onígẹdú ti dé ẹnu ibodè. Bí Okùnlọlá bá jọba, tí wọ́n gé ìrókò wa, ìrókò ò ní gbọn eruku nù, kò ní kí wa. Ó lọ nìyẹn. Ibí ni ohun tó ń kú wà. Ibẹ̀ ò nílò ọba bí ibí ti nílò rẹ̀."

Ẹ gbọ́ ìbéèrè tó bi mí: "Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé ẹ ó dákẹ́?"

Mo ní, "Mo fi ìbọn mi búra." Ìyá Fọlárìn ní, "Bí kò bá dákẹ́, èmi mọ odò tí n ó jù ú sí."

Adégoróyè dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí ààfin. A sáré tẹ̀lé e. Olóyè Okùnlọlá ti wà níwájú ààfin, ó wọ agbádá funfun, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ojú ọ̀run bí ẹni ń gba sààrà. Ojú ọ̀run ti ṣú dùdù. Ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ewé akòko kan fìlà Adégoróyè ni ẹ̀kán omi kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Okùnlọlá. Ó fò sókè, "Òjò! Òjò ló kọ́kọ́ dé!"

Ọ̀tún wo ọwọ́ náà, ó wo òkè, ó wo ẹyẹ kan tó bà lórí òrùlé. Ó ní, "Olóyè, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín. Nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe omi òjò." Ìgbà tí ẹ̀rín fi máa tán, òjò ti sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń da agbada, ọba wa sì ti wà lórí ìtẹ́ nínú ààfin. Àwọn onígẹdú di ayùn wọn, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Kábíyèsí ò pa Ayé Kejì tì, ṣùgbọ́n kò jọba níbẹ̀ mọ́. Ó ní ọba kan ò lè jókòó sórí ìtẹ́ méjì, ó sì ní kí àwọn ará ibẹ̀ yan ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ará mi, ta ni wọ́n yàn? Wọ́n yan Ìyá Fọlárìn! Bí ẹ ṣe rí mi yìí, ọba ni mo fẹ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, á gbé awò tirẹ̀ bojú, èmi náà á gbé tèmi, etí mi á sì yọ. Ṣùgbọ́n kí a tó wọlé, mo ní láti kọ́kọ́ bi í bí ó ṣe sùn. Òfin tuntun ni, òun ló sì ṣe é.

Ó ku ẹyọ kan kí n tó jẹ́ kí ẹ lọ. Lọ́jọ́ ìwúyè kábíyèsí, àwọn àlejò kan dé tí ẹnì kankan ò mọ̀ rí. Wọ́n ní àwọn wá kí ọba àwọn. Nínú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Láwàní, ará Ṣàkétẹ́, tó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e rí. Ó ní, "Kábíyèsí, èmi ni Ẹsẹ̀-Àrá, ìránṣẹ́ yín tó ń sáré jíṣẹ́ ní Ayé Kejì." Ṣé ẹ rí i, ọba ò gbọdọ̀ dìde lórí ìtẹ́ nítorí àlejò. Adégoróyè dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ìlẹ̀kẹ̀ ti ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, ó sì gbá ọkùnrin náà mọ́ra. Ó ń sunkún. Ọ̀tún fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bi Láwàní ohun tó fẹ́ kí a fi ṣe é lálejò, ó ní òun fẹ́ rí igbó tí ọba torí rẹ̀ fi àwọn sílẹ̀. Àwa ọdẹ gbé e, ti àga ti àga, a gbé e dé abẹ́ ìrókò tó dàgbà jù, ibi tí oòrùn ti ń kán sílẹ̀ láàárín ewé. Ó na ọwọ́, ó já ewé efinrin kan, ó rún un, ó gbé e sí imú. Ẹyẹ kan dún lókè, ó gbójú sókè, ó ń wá a.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé ó rí bí ti ọ̀hún?"

Ó ní, "Bàbá, lọ́hùn-ún, eré ni mo máa ń sá kọjá gbogbo igi. Ẹ jẹ́ kí n ṣì jókòó díẹ̀."

A sì jókòó tì í.